Ìwé Méjì Lórí Ọkùnrin Kan

Ìwé ìtàn ìgbésí ayé ènìyàn ni mo fẹ́ràn jù láti máa kà. Ìtàn ọba ni, ìtàn ajagun ni, ìtàn oníṣòwò tàbí ti olórin ni, n kì í yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo nípa ènìyàn kan a máa rò pé òun ti mọ ẹni náà tán. Ṣùgbọ́n bí ó bá ka èkejì, tí èkejì sì ń ta ko ti ìṣáájú, nígbà náà ni yóò tó mọ̀ pé iṣẹ́ ń bẹ nínú ìwé kíkà. Èyí gan-an ni mo bá pàdé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ìtàn Dmitri Shostakovich, ará Rọ́ṣíà tí ó ń ṣẹ̀dá orin. Kì í sì í ṣe èmi nìkan. Láti ọdún 1979 ni àwọn òǹkàwé ti pín sí ọ̀nà méjì lórí ọkùnrin yìí, tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn nínú ìwé ìròyìn àti ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, débi pé àwọn ènìyàn fi ọ̀rọ̀ náà wé ogun.

Kí n tó sọ ohun tí wọ́n ń jà sí, ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tí à ń wí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1906 ni a bí Shostakovich ní ìlú St. Petersburg, ìlú tí a wá ń pè ní Leningrad lẹ́yìn náà. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí wọ́n lu sínfónì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbangba ní 1926. Sínfónì ni orin gígùn tí àwọn onígòjé, afunfèrè, afunkàkàkí àti onílù púpọ̀ máa ń pawọ́ pọ̀ lù. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún irú rẹ̀ ni ó kọ kí ó tó kú ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1975.

Ìjọba tí ó gbé ayé lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìjọba tí ń fi olórin sílẹ̀ kí ó máa ṣe bí ó ti wù ú. Ní oṣù Kìíní ọdún 1936, Stalin tí í ṣe olórí ìjọba Sófíẹ̀tì lọ wo eré olórin kan tí Shostakovich ṣe, Lady Macbeth of Mtsensk ni orúkọ rẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ti ń rọ́ lọ wò fún ọdún méjì. Inú Stalin kò dùn. Kò ju ọjọ́ méjì lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí ìwé ìròyìn Pravda, tí í ṣe ohùn ẹgbẹ́ òṣèlú tí ń ṣèjọba, gbé ọ̀rọ̀ kan jáde láìsí orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ó ní ariwo rúdurùdu ni orin náà, ó sì kìlọ̀ pé irú eré bẹ́ẹ̀ lè yọrí sí ibi fún ẹni tí ń ṣe é. Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ìkìlọ̀ yẹn. Ní àkókò náà, ènìyàn a máa sùn sí ilé rẹ̀ lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọn a ti wá mú un lọ, ilé rẹ̀ kì í sì í rí i mọ́. Shostakovich ti kọ sínfónì kẹrin, àwọn olórin sì ti ń fi í dánra wò, ṣùgbọ́n ó gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Ọdún 1961 ni etí ènìyàn tó gbọ́ ọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1937, ó gbé sínfónì karùn-ún jáde. Àwọn ènìyàn sunkún níbi tí orin náà ti falẹ̀, nígbà tí ó sì parí, wọ́n dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọn kò fẹ́ dákẹ́. Ìjọba pẹ̀lú tẹ́wọ́ gbà á. Wọ́n ní ọmọ náà ti gbọ́ ìbáwí, ó sì ti yí padà.

Ṣé lóòótọ́ ni ó yí padà? Òwe wa kan sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn òǹkàwé kan gbà pé bẹ́ẹ̀ ni Shostakovich ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn mìíràn ní rárá o, ìránṣẹ́ ìjọba ni í ṣe tọkàntọkàn. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà kò sì mú kí ìdájọ́ rọrùn. Ní 1942, nígbà tí ogun Jámánì sé Leningrad mọ́ tí ebi ń pa ará ìlú kú, wọ́n lu sínfónì keje rẹ̀ nínú ìlú náà gan-an. Àwọn olórin tí ó lè dìde kò tó, a sì ní láti pe àwọn ọmọ ogun tí ó mọ ohun èlò lù kún wọn. Nígbà náà, gbogbo ayé ń yìn ín. Ní 1948, ìjọba kan náà tún bá a wí níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì pàdánù iṣẹ́ olùkọ́ tí ó ń ṣe. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Stalin fúnra rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù pé kí ó lọ ṣojú orílẹ̀-èdè wọn ní ìpàdé kan ní New York. Ó lọ. Níbẹ̀ ni Nicolas Nabokov, tí òun náà jẹ́ ọmọ Rọ́ṣíà tí ń ṣẹ̀dá orin, ti dìde láàárín àwùjọ, tí ó bi í bóyá ó fara mọ́ èébú tí Pravda bu Stravinsky. Shostakovich dáhùn pé òun fara mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni, orin Stravinsky yìí ti wú u lórí láti ìgbà èwe rẹ̀.

Ọkùnrin náà kú, wọ́n sì sin ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí ọmọ rere ìjọba. Ọdún kẹrin lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Testimony, èyíinì ni Ẹ̀rí. Solomon Volkov ni ó gbé e jáde. Volkov ti ń kọ ọ̀rọ̀ nípa orin sínú ìwé ìròyìn ní Rọ́ṣíà kí ó tó kúrò níbẹ̀ ní 1976. Ó ní òun jókòó ti Shostakovich lọ́pọ̀ ìgbà nígbà ogbó rẹ̀, òun ń kọ ohun tí ó ń sọ sílẹ̀ kíákíá, òun ń lọ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ ẹ́, òun sì ń gbé orí kọ̀ọ̀kan padà fún bàbá náà kí ó kà á. Bí ó bá ti kà á tán, a kọ ọ́ sí i pé òun ti kà á, a sì fi ọwọ́ sí i. Wọ́n jọ fi ẹnu kò pé ìwé náà kò ní jáde àfi bí Shostakovich bá kú.

Ohun tí ó wà nínú ìwé náà korò bí ewúro. Nínú rẹ̀, Shostakovich kò fẹ́ràn Stalin rí, kò sì ronú pìwà dà rí. Ìwé náà ní ayọ̀ tí ó parí sínfónì karùn-ún kì í ṣe ayọ̀ rárá, bí ìgbà tí a fi ẹgba lé ènìyàn lórí tí a ní kí ó máa jó ni. Ó ní sínfónì keje pẹ̀lú kì í ṣe nípa ogun Jámánì nìkan, pé àwọn tí Stalin ti pa ṣáájú ogun wà nínú rẹ̀. Ẹ lè fojú inú wo bí inú àwọn tí ó fẹ́ràn orin rẹ̀ ti dùn tó. Ẹni tí wọ́n ti ń bá tijú láti ọjọ́ yìí wá di akọni ní ọ̀sán kan òru kan.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí ó ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Òun ni mo kọ́kọ́ yá ní ìwé yìí. Kò dá a padà fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tí mo lọ béèrè rẹ̀, ó ní òun ń tún un kà ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni, pé òun gbọ́ ohùn ènìyàn nínú rẹ̀: ohùn àgbàlagbà tí ara kò dẹ̀, tí ń ṣe ẹ̀fẹ̀ tí kò pa ẹnìkan lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tí kò tíì lu orin rí níwájú ọ̀gá tí ń wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń lù ú, kò lè mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń wí." Mo gbà pé òótọ́ ni ó sọ nípa ohùn náà. Ìwé náà ń sọ̀rọ̀. Ènìyàn kò lè kà á kí ó tòògbé.

Ṣùgbọ́n agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ni. Ní 1980, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Laurel Fay, onímọ̀ nípa orin Rọ́ṣíà, yẹ ìwé náà wò fínnífínní. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tẹ̀ lé mi níbí, nítorí ibí ni mo ti gbádùn ọ̀rọ̀ náà jù. Orí mẹ́jọ ni ó wà nínú ìwé Volkov. Ohun tí Volkov fi ń jẹ́rìí ara rẹ̀ ni ìfọwọ́sí Shostakovich tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ orí kọ̀ọ̀kan. Fay wá rí i pé ní ìbẹ̀rẹ̀ méje nínú orí mẹ́jọ náà, ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ti jáde rí nínú ìwé ìròyìn àti ìwé mìíràn ní Rọ́ṣíà, lábẹ́ orúkọ Shostakovich, òmíràn ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Kì í ṣe pé ìtumọ̀ wọn jọ ara wọn o. Ọ̀rọ̀ gan-an ni, wóróhún, títí kan àmì ìdánudúró. Níbi tí gbólóhùn kan ì bá ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, níbẹ̀ ni a ti yí i padà. Kò sì sí èyí tí ó léwu nínú ọ̀rọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí: ìyìn olórin kan, ìrántí olùkọ́ kan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó lè mú ni lọ sí ẹ̀wọ̀n ń bẹ níwájú, ní ojú ìwé tí kò ní ìfọwọ́sí kankan.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá ọ̀rẹ́ mi kejì, akọ̀wé kóòtù tí ó ti fẹ̀yìn tì. Kò mọ ohunkóhun nípa orin, kò tilẹ̀ fẹ́ mọ̀. Ó béèrè ọ̀rọ̀ méjì péré: níbo ni ìwé tí a fi èdè Rọ́ṣíà tẹ̀ wà, ta ni ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀? Mo ní fún ọ̀pọ̀ ọdún Volkov kò gbé ti èdè Rọ́ṣíà jáde fún gbogbo ayé kà, ìtumọ̀ ni ó jáde. Mo sì ní Irina, opó Shostakovich, sọ pé ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni Volkov jókòó ti ọkọ òun. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀: bàbá fi ọwọ́ sí ojú ìwé kìíní, ó lọ sílé, wọ́n wá fi okùn so ojú ìwé mẹ́fà mìíràn mọ́ ọn lẹ́yìn.

Àwọn alátìlẹ́yìn Volkov kò dákẹ́. Ní 1998, Allan Ho àti Dmitry Feofanov tẹ ìwé ńlá kan, ojú ìwé rẹ̀ súnmọ́ ẹgbẹ̀rin, wọ́n sì to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bí ẹjọ́ tí à ń rò ní kóòtù. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu, nítorí lọ́yà ni Feofanov. Wọ́n ní Shostakovich ní iyè inú tí kò lẹ́gbẹ́, kì í gbàgbé orin, kì í gbàgbé ìwé. Kí ni ó wá burú bí ó bá tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ bí ó ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀? Àlàyé yìí kò wọ̀ mí létí. Ènìyàn lè rántí ìtàn. Ta ni ń rántí ibi tí òun fi àmì ìdánudúró sí? Wọ́n tún ní ìfọwọ́sí ti orí kìíní kò sí lórí ọ̀rọ̀ àtijọ́, nítorí náà ẹ̀sùn Fay kò dúró. Nígbà tí Fay rí ẹ̀dà ìwé tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ náà, ó fi hàn nínú ìwé kan tí ó jáde ní 2004 pé ojú ìwé kẹta ni ìfọwọ́sí yẹn wà, níbi tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Síbẹ̀ ohun kan wà tí àwọn alátìlẹ́yìn wọ̀nyí sọ tí n kò lè gbé jù sẹ́yìn. Wọ́n ní bí Volkov bá tilẹ̀ fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kó ìwé náà jọ, àwọn kan tí ó mọ Shostakovich dáadáa jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí. Maxim ọmọ rẹ̀ kọ ìwé náà ní àkọ́kọ́, ó ní ìwé Volkov nípa bàbá òun ni, kì í ṣe ìwé bàbá òun. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó ti sá kúrò ní Rọ́ṣíà ní 1981, ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọ̀ sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ìwé lè jẹ́ ayédèrú kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ máà jẹ́ irọ́. Ọ̀rẹ́ mi akọ̀wé kóòtù kò fẹ́ gbọ́ èyí rárá.

Ní 2000, Fay fúnra rẹ̀ tẹ ìtàn ìgbésí ayé Shostakovich jáde. Kò gba ọ̀rọ̀ Volkov wọlé bí ẹ̀rí. Gbogbo ọjọ́, gbogbo ìpàdé, gbogbo orin tí a kọ́kọ́ lù, ó wá ìwé tí ó lè tì í lẹ́yìn. Àwọn òǹkàwé tún pín. Àwọn kan yọ̀ pé nígbẹ̀yìn gbẹ́yín àwọn rí ìwé tí àwọn lè fi ẹ̀yìn tì. Àwọn mìíràn ní ó gbẹ bí ẹja inú àgbá. Mo kó àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì jọ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ kan.

Atẹdùùrù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé tí a gbá mọ́ tónítóní ni ìwé yìí, ṣùgbọ́n onílé kò sí nílé."

Akọ̀wé kóòtù dá a lóhùn pé, "Àbúrò, ilé tí onílé kò sí níbẹ̀, ó sàn ju ilé tí àlejò jókòó sí tí ó ń pe ara rẹ̀ ní onílé."

Bí ẹ bá bi mí, èmi a máa lo ìwé Fay nígbà tí mo bá fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí pẹ̀lú a máa purọ́, pàápàá ní irú ìlú yẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó jáde lábẹ́ orúkọ Shostakovich nínú ìwé ìròyìn ni ẹlòmíràn bá a kọ. Ní 1973, orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ lẹ́tà tí àwọn olórin fi dá Andrei Sakharov lẹ́bi, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ń sọ òdodo fún ìjọba wọn. Àwọn ènìyàn tí ó bọ̀wọ̀ fún un sì bínú sí i gidigidi nítorí rẹ̀. Nígbà tí ìwé Volkov jáde ní 1979, àwọn olórin mẹ́fà tí wọ́n súnmọ́ Shostakovich fi ọwọ́ sí lẹ́tà kan pé irọ́ ni. Lójú àwọn òǹkàwé òkè òkun, kí ni ìfọwọ́sí mẹ́fà yẹn já mọ́ lábẹ́ ìjọba bẹ́ẹ̀? Àwọn òǹkàwé kan náà ni wọ́n sì fi ìfọwọ́sí Shostakovich lórí ìwé Volkov ṣe òkúta ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́ wọn. Èyí ni ó ń dùn mí jù nínú gbogbo ìjà náà. Wọ́n gba ọwọ́ ọkùnrin yìí lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè, débi pé nígbà tí ó kú tán, kò sí ẹni tí ó mọ èyí tí ó fi ọkàn rẹ̀ sí nínú gbogbo ohun tí ó fi ọwọ́ sí.

Níbo wá ni a ti lè gbọ́ ọ? Elizabeth Wilson gbìyànjú ní 1994. Ó kó ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá a gbé jọ sínú ìwé kan, kò sì fi ipá mú wọn kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Lójú tèmi, ìwé náà wúlò ju ìjà lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn lẹ́tà tí Shostakovich kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Isaak Glikman, tí Glikman tẹ̀ jáde ní 1993. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi kọ wọ́n, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó sì kọ wọ́n sí. Ó mọ̀ pé àwọn aṣọ́lé ìjọba lè ṣí lẹ́tà wò, nítorí náà ó kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ láìsọ ọ́. Nínú ọ̀kan tí ó kọ láti Odessa ní òpin 1957, ó ń ròyìn ayẹyẹ ìjọba kan, ó ka orúkọ gbogbo àwọn ìjòyè tí a gbé àwòrán wọn kọ́ sí ìgboro, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn; kò pẹ́ ó tún ka gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fo ẹnìkan. Aṣọ́lé tí ó bá ka lẹ́tà yẹn yóò rí ọmọ ìlú rere. Glikman kà á, ó mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni.

Ní 1960, wọ́n fi agbára mú un wọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ti ń yẹra fún láti ọjọ́ yìí wá. Ní oṣù Keje ọdún náà, ó wà ní Gohrisch ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí wọ́n rán an sí kí ó wá ṣe orin fún fíìmù kan. Dípò èyí, ó fi ọjọ́ mẹ́ta kọ orin kan fún onígòjé mẹ́rin, èyí tí a mọ̀ sí ìkẹjọ nínú irú rẹ̀. Níta, wọ́n kọ ọ́ sí i lórí pé ìrántí àwọn tí ogun àti ìwà ìkà pa ni. Sí Glikman, ó kọ̀wé pé bí òun bá kú, bóyá ni ẹnìkan yóò kọ orin ìrántí fún òun, nítorí náà òun ti fi ọwọ́ ara òun kọ ọ́. Ohùn mẹ́rin ni ó tún ń padà wá nínú orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a bá fi lẹ́tà tí àwọn ará Jámánì fi ń pe ohùn orin kọ wọ́n, D, S, C àti H ni wọn, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dúró rí níbi tí onílù ti ń fi dùndún pe orúkọ ènìyàn kò nílò kí n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ayọ̀ tí ó parí sínfónì karùn-ún, a kò tíì rí i yanjú nílé mi. Mo ní àwo méjì tí a gba orin náà sí. Leonard Bernstein ti Amẹ́ríkà sáré lù ú ní 1959, ó sì dùn bí ọjọ́ ìsinmi. Mstislav Rostropovich, tí òun fúnra rẹ̀ mọ Shostakovich, fà á wọ́ọ́rọ́wọ́, ìlù ń bọ́ sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tí a so ẹ̀wọ̀n mọ́. Ìwé orin kan náà ni àwọn méjèèjì lù. Mo fi wọ́n dùn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Atẹdùùrù ní ti Rostropovich ni òótọ́, ó sì ní kí n tún un dùn. Akọ̀wé kóòtù tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀kejì títí ó fi parí, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè bóyá Shostakovich fi ọwọ́ sí èyí pẹ̀lú.